Ta Ni Ìjọba Ń Ra Ọjà Lọ́wọ́ Rẹ̀? Ìtàn Ìrajà Ilé Ìwòsàn àti Àwọn Oníṣòwò Kéékèèké ní Zaria

Ìfáàrà

Bí a bá ka àwọn ilé ìwòsàn tó wà ní Zaria àti agbègbè rẹ̀, a ó rí i pé ọ̀gá wọn kì í ṣe ẹnìkan. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ahmadu Bello tó wà ní Shika, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ni nípa ikọ́ ife àti ẹ̀tẹ̀ ní Saye, ti ìjọba àpapọ̀ ni òun náà. Ilé ìwòsàn Hajiya Gambo Sawaba ní Kofar Gayan, ti ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna ni. Ti St. Luke's ní Wusasa, àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà ló dá a sílẹ̀. Àwọn ilé ìlera alábọ́dé tó wà káàkiri wọ́ọ̀dù tún wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú ti ìpínlẹ̀. Gbogbo wọn ló ń lo ìbọ̀wọ́ rọ́bà, òwú, báńdéèjì, abẹ́rẹ́, omi tí a ń fà sí aláìsàn lára, ọṣẹ, aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti káàdì. Ohun tí a fẹ́ wádìí nínú iṣẹ́ yìí ni pé ta ni wọ́n ń rà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, báwo ni ó ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀, àti pé báwo ni ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Sabon Gari tàbí Tudun Wada ṣe lè wà lára àwọn tí ìjọba ń bá nájà.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ló kan olùkọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ agbaṣẹ́ṣe. Ó kàn wá. Láti ìgbà tí ojú irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kano ní nǹkan bí ọdún 1912 ni àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti ìlú mìíràn ti ń sọ̀kalẹ̀ ní Zaria. Òwò ni ọ̀pọ̀ wọn bá wá, akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ rélùwéè ni àwọn mìíràn. Ìtàn ẹni tó rí ọjà tà fún ìjọba àti ẹni tí kò rí i tà jẹ́ ara ìtàn ìdílé àwọn ọmọ tí à ń kọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba ìwé ẹ̀rí NCE lọ́wọ́ wa ni kò ní rí iṣẹ́ olùkọ́ lójú ẹsẹ̀. Wọn yóò dá ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹni mẹ́ta lọ sílẹ̀, wọn yóò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, wọn yóò sì máa wá iṣẹ́ àgbàṣe kiri. Bí àwa tó ń kọ́ wọn kò bá mọ ibi tí ọ̀nà yẹn ti wá, kí ni a ó sọ fún wọn?

Nígbà tí London ń bá wa rajà

Lásìkò ìjọba amúnisìn, kì í ṣe Zaria ni wọ́n ti ń pinnu ẹni tí wọn yóò ra oògùn lọ́wọ́ rẹ̀. Àjọ kan wà ní London tí wọ́n ń pè ní Crown Agents. Ọdún 1833 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ara iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ra ohun tí àwọn ìjọba tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì bá nílò láti òkè òkun: irin ojú ọ̀nà rélùwéè, sìmẹ́ńtì, bébà, títí kan kuníìnì àti ohun èlò iṣẹ́ abẹ. Wọn yóò kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sínú ìwé, ìwé yóò gba ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì títí yóò fi dé London, àwọn Crown Agents yóò rà á lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀, wọn yóò gba owó iṣẹ́ tiwọn, ọkọ̀ ojú omi yóò sì gbé e wá. Ètò náà máa ń falẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: orúkọ ẹni tó tajà wà lákọsílẹ̀, bí ọjà bá bàjẹ́, a mọ ẹnu ọ̀nà ẹni tí a ó kàn.

Ọ̀rọ̀ òwú ló fi bí nǹkan ṣe rí hàn jù lọ. Zaria wà láàárín ilẹ̀ tí òwú ti ń ṣe dáadáa. Lẹ́yìn tí ojú irin dé, ẹgbẹ́ British Cotton Growing Association kọ́ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ kóró inú òwú sí Zaria, Samaru sì di ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí irúgbìn rẹ̀. Àgbẹ̀ á tà á, rélùwéè á gbé e, Lancashire ló ń lọ. Ní àsìkò kan náà, ohun tí dókítà ìjọba fi ń di egbò, inú ẹrù tó ń ti òkè òkun bọ̀ ló wà. A kò sọ pé òwú kan náà ló lọ tó tún padà wá. Ohun tí à ń sọ ni pé èrè tó wà nínú sísọ òwú di báńdéèjì kò bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Zaria, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òfin kan tó ní kí ìjọba kọ́kọ́ bojú wo ọjà ìlú kí ó tó kọ̀wé sí London.

Kí ló wá kù fún oníṣòwò ìlú? Ohun tí kò yẹ kí a fi ọkọ̀ ojú omi gbé ni: oúnjẹ aláìsàn, igi ìdáná, ẹní, iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà. Ìjọba ìbílẹ̀ ìgbà náà, tí wọ́n ń pè ní N.A., ní àpò owó tirẹ̀, ó sì ní àwọn ilé ìpòògùn kéékèèké tirẹ̀. Ní ti Wusasa, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà. Dókítà Walter Miller ti wọ Zaria láti ọdún 1905. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1920, iṣẹ́ míṣọ́nnárì kúrò nínú odi ìlú bọ́ sí Wusasa. Ìjọ àti àwọn ọlọ́rẹ ìjọ ló ń gbé bùkátà ibẹ̀, kò sí ẹni tó ń du iṣẹ́ àgbàṣe níbẹ̀.

Láti LPO dé ìgbà tí oògùn tán

Lẹ́yìn òmìnira ni ọ̀rọ̀ agbaṣẹ́ṣe di ohun tí gbogbo ẹnu ń sọ. Ìwé pélébé kan tí à ń pè ní LPO ló gbé e dé. Ẹni tí ọ́fíìsì ìjọba bá fún ní LPO ti gba ẹ̀rí pé bí òun bá kó ọjà wá, ìjọba yóò sanwó. Ìwé yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn fi ń mú un lọ yáwó. Ní ọdún 1972, òfin tó dá àwọn òwò kan sọ́tọ̀ fún ọmọ Nàìjíríà jáde, owó epo rọ̀bì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ahmadu Bello, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ lọ sí ọdún 1967, ń gbòòrò sí i. Àwọn tó ń bá ìjọba nájà pọ̀ sí i pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni ìwà ìbàjẹ́ pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìrajà ìjọba ṣe lè ya wèrè, kí ó rántí ọdún 1975, nígbà tí ìjọba ti ra nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì, tí ọkọ̀ ojú omi tò lọ bẹẹrẹ ní etíkun Èkó tí wọn kò ráàyè já ẹrù. Sìmẹ́ńtì kì í ṣe oògùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ló ń fọwọ́ sí ìwé méjèèjì.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983, nígbà tí Ọ̀gágun Sani Abacha ka ìkéde ìfipágbàjọba lórí rédíò, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tó kà sí ìjọba alágbádá lẹ́sẹ̀ ni pé ilé ìwòsàn ti di ibi tí dókítà kàn ti ń yẹ èèyàn wò, tí kò sí oògùn, tí kò sí omi, tí kò sí ohun èlò. Kì í ṣe pé kò sí owó rárá nígbà náà. Ìwé àṣẹ ìkó-ọjà-wọlé ló ti di ọjà fúnra rẹ̀. Ẹni tó rí ìwé gbà lè má mọ asipirín yàtọ̀ sí kuníìnì, yóò kàn ta ìwé náà fún ẹlòmíràn ni. Nígbà tí iye náírà wá já wálẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986, oògùn tí a ń kó láti òkè òkun gbówó lórí gan-an. Ẹni tó bá ṣàìsàn ní Zaria nígbà náà ń mú ìwé dókítà jáde lọ sí ilé oògùn tó wà ní òdìkejì títì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, gbìyànjú láti tún un ṣe. Wọ́n ṣe àkójọ orúkọ àwọn oògùn tí kò gbọdọ̀ wọ́n nílé ìwòsàn. Lẹ́yìn ìpàdé Bamako ní ọdún 1987 ni ètò oògùn alápòyípo gbilẹ̀: ìjọba yóò fi owó ìbẹ̀rẹ̀ ra oògùn, aláìsàn yóò san owó díẹ̀ lórí rẹ̀, owó yẹn ni wọn yóò tún fi ra òmíràn. Àjọ PTF, tí Ọ̀gágun Muhammadu Buhari darí rẹ̀, tún ra oògùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láàárín àwọn ọdún 1990, ó sì pín in kárí ilé ìwòsàn ìjọba. Ohun tí a rí fà yọ nínú àwọn ètò wọ̀nyí ni pé nígbàkigbà tí ìjọba bá fẹ́ kí oògùn dínwó, ó máa ń kó ìrajà jọ sójú kan, bí ó bá sì ti kó o jọ, oníṣòwò kékeré ti bọ́ síta nìyẹn. Bákan náà ló rí nígbà tí ìjọba Obasanjo gbé iṣẹ́ àtúnṣe ohun èlò ilé ìwòsàn yunifásítì fún VAMED ti ilẹ̀ Austria. Ilé ìwòsàn ti Zaria, tó kó lọ sí Shika ní ọdún 2005, wà lára wọn. A kò bá wọn wí. Ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán wo àrùn jẹjẹrẹ kì í ṣe ohun tí a ń rà ní Sabon Gari. Ṣùgbọ́n aṣọ bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?

Òfin ọdún 2007

Ní ọdún 2001 ni wọ́n dá ẹ̀ka tí gbogbo wa mọ̀ sí Due Process sílẹ̀, tí Oby Ezekwesili darí rẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni Òfin Ìrajà Ìjọba ti jáde. Ààrẹ Umaru Musa Yar'Adua fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 2007, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lórí oyè. Ìjọba àpapọ̀ nìkan ni òfin yìí dè. Kaduna ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2016. Ìyẹn ni pé oníṣòwò Zaria tó fẹ́ tajà fún Shika ń tẹ̀lé òfin kan, tó bá tún fẹ́ tà fún Kofar Gayan, òfin mìíràn ni.

Òfin náà dára ju bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ lọ. Ó ní kí iṣẹ́ ńlá di ìdíje gbangba, kí ìkéde jáde nínú ìwé ìròyìn méjì ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ìdíje tó parí. Abala 41 fàyè gba ọjà kéékèèké: ilé ìwòsàn lè gba ìwé iye-owó lọ́wọ́ ó kéré tán ẹni mẹ́ta tí kò bára wọn tan, kí ó sì mú èyí tó dínwó jù. Ẹnu ọ̀nà oníṣòwò kékeré nìyí. Abala 58 ní kí ẹni tó bá fọ́ iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́ láti fi sá fún ìdíje lọ sẹ́wọ̀n, ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá, láìsí owó ìtanràn.

Ibi tí ó ti le ni ìwé tí wọ́n ń béèrè. Abala 16 ní kí ẹni tó ń díje ti san owó orí, owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ àti owó ààbò òṣìṣẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń béèrè ìwé CAC, ìwé owó orí ọdún mẹ́ta, ìwé PenCom, ìwé ITF, ìwé NSITF àti ti BPP fúnra rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ta oògùn yóò tún fi ìwé apòògùn àti ti NAFDAC kún un. Òfin ITF sọ pé ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí tó ń pa 50 mílíọ̀nù náírà lọ́dún ni ó kàn. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 kò fi dandan mú ilé iṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Síbẹ̀, ọmọbìnrin tó ní òṣìṣẹ́ méjì ní Tudun Wada yóò máa sáré ìwé kiri láti fi hàn pé òfin kò kan òun. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àwọn tó ṣe òfin yìí kò jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rí.

Ìdí tí ìwé fi pọ̀

Kí a tó bú àwọn ìwé náà tán, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zaria. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, àwọn ọmọdé tí kíndìnrín wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ti Shika wà lára àwọn tó gbà wọ́n. Oògùn olómi tí àwọn ìyá ń fún ọmọ tó ń hu eyín ni wọ́n mu, èyí tí wọ́n ń pè ní My Pikin. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní Èkó ra ohun èlò kan lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ jẹ́ májèlé. Ó kéré tán ọmọ 84 ló kú. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní ọdún 1990, ní Ìbàdàn àti Jos, níbi tí ọmọ tó lé ní 100 ti kú. Lẹ́yìn ti ìṣáájú yẹn ni wọ́n dá NAFDAC sílẹ̀ ní ọdún 1993.

Kì í ṣe ìjọba ló ra ọjà olóró náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìrajà ni: ẹnìkan rí ohun tí ó fẹ́ rà lọ́dọ̀ ẹni tó sún mọ́ ọn, kò béèrè ìwé, kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdí nìyí tí àwa kò fi fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé kí ìjọba ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbogbo onílé iṣẹ́ kékeré. Agbaṣẹ́ṣe tí ọ́fíìsì rẹ̀ kò ju báàgì abíyá lọ, tó ta kọ̀ǹpútà ní ọdún tó kọjá, tó ta ìyẹ̀fun ní oṣù tó kọjá, kí ló ń wá nídìí oògùn ọmọdé? Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé a ti da ọjà méjì pọ̀. Oògùn yẹ kí ó wà lọ́wọ́ apòògùn àti ilé iṣẹ́ tí a mọ̀, kí ìjọba sì rà á pọ̀. Kaduna ti ń rìn lójú ọ̀nà yìí, ìpínlẹ̀ náà ní àjọ kan tó ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìlera. Láti ọdún 2022 ni ọkọ̀ òfuurufú kékeré aláìláwakọ̀ ti Zipline pàápàá ti ń gbé oògùn láti Pambegua lọ sí àwọn ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n aṣọ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ nọ́ọ̀sì, ọṣẹ, káàdì, oúnjẹ aláìsàn, àtúnṣe bẹ́ẹ̀dì, ìwọ̀nyí kò ní kíndìnrín ọmọ ẹnikẹ́ni nínú. Kò yẹ kí ìwé tí a fi ń dáàbò bo oògùn tún máa lé aránṣọ sẹ́yìn.

Gbèsè ìjọba

Ohun tó ń pa oníṣòwò kékeré jù kì í tún ṣe ìwé. Ọ̀kan nínú àwọn tí a kọ́ rí ta ìbọ̀wọ́ àti báńdéèjì fún ilé ìwòsàn ìjọba kan. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló fi ra ọjà. Ọdún kan lé oṣù mélòó kan ló fi ń lọ tó ń bọ̀ kí wọ́n tó san án. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò sí i. Ká ní ọjà 1,000,000 náírà ni èèyàn rà, tó sì fi èrè 200,000 lé e. Bí owó tó yá bá ń gba èlé mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, láàárín oṣù méjìlá, èlé ti di 360,000. Ó ti pàdánù 160,000 lórí iṣẹ́ tó ṣe dáadáa. Ní ọjọ́ kejì, ẹni náà yóò kọ́gbọ́n, yóò fi owó ìdúró kún iye ọjà, ilé ìwòsàn yóò wá máa ra ìbọ̀wọ́ ní iye tó ju ti ọjà lọ, àwọn èèyàn yóò sì ní olè ni agbaṣẹ́ṣe.

Òfin kò dákẹ́ lórí èyí. Abala 37 sọ pé owó tó bá ti lé ní 60 ọjọ́ lẹ́yìn tí a ti fi ìwé owó sílẹ̀ ti di owó tó pẹ́, ó sì yẹ kí ìjọba san èlé lórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwé àdéhùn bá ṣe sọ. Mélòó nínú àwọn tó ń tajà ló mọ̀? Ẹni tó mọ̀ pàápàá ń bẹ̀rù pé bí òun bá béèrè èlé, òun kò ní rí LPO mìíràn gbà mọ́. Ní ọdún 2025, àwọn agbaṣẹ́ṣe ọmọ Nàìjíríà yan lójú títì ní Abuja nítorí owó iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ jẹ wọ́n. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba kéde ìlànà pé ọjà Nàìjíríà ni kí ọ́fíìsì ìjọba kọ́kọ́ máa rà. Ìlànà náà dùn mọ́ wa nínú, àmọ́ ẹni tí ìjọba bá rajà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò san án lówó kò rí ohun tí yóò fi ìlànà jẹ.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti gbìyànjú ọ̀nà kan tàbí òmíràn. Amẹ́ríkà ti ní òfin okòwò kékeré láti ọdún 1953, góńgó ìjọba wọn sì ni pé kí 23 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ àgbàṣe máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ kékeré. Kenya ya 30 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, obìnrin àti àwọn aláàbọ̀ ara láti ọdún 2013. Abala 34 nínú òfin tiwa fún ọmọ Nàìjíríà láǹfààní lórí àjèjì, kò sì ya ilé iṣẹ́ kékeré sọ́tọ̀ sí ńlá. Ilé iṣẹ́ ńlá ní Èkó àti aránṣọ ní Tudun Wada, ọmọ Nàìjíríà kan náà ni wọ́n lójú òfin.

Ìwé ìdíje, ìwé òfin, ìwé ìkéde, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn. Níhìn-ín tí àwa olùkọ́ Hausa, Ìgbò, Yorùbá, Faransé àti Lárúbáwá ti péjọ, iṣẹ́ kan wà tí a lè pín ṣe. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa túmọ̀ díẹ̀ nínú Òfin ọdún 2007 sí Yorùbá. Abala 37 ni a kọ́kọ́ mú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra wọn ló ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.